Rímù Tuntun fún Ọkọ̀ Àtijọ́: Táyà Wo Ló Bá A Mu?

Ẹ bá mi wo ẹ̀gbẹ́ táyà yìí. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún kí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lè hàn. 165 R 14. Ó tán. Ẹ wá wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, táyà ọkọ̀ òde òní: 185/65 R 15. Nọ́ńbà kan wà lára èyí tí kò sí lára ti àkọ́kọ́, ìyẹn 65 tó wà láàárín yẹn. Nọ́ńbà tí kò sí yẹn ló máa ń da orí èèyàn rú tó bá ra rímù tuntun fún ọkọ̀ àtijọ́. Ó da tèmi náà rú.

165 R 14 ni ọkọ̀ mi ń lò láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Mo wá rí rímù íǹṣì 15 kan tó ń dán gbinrin, mo rà á. Ẹni tó tà á fún mi ní 205/50 R 15 ló máa yọ ẹwà rẹ̀ jù. Kò parọ́. Ọkọ̀ náà rẹwà, tó bá dúró. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ yà wọlé, tí mo yí sítíárìn dé òpin, mo gbọ́ ìró kan níwájú bí ìgbà tí wọ́n ń fi páànù họ ilẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ki ọwọ́ sínú mọ́dígáàdì. Táyà ti họ ọ̀dà inú rẹ̀ kúrò dé ojú irin, lúbúlúbú rọ́bà dúdú sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka nọ́ńbà wọ̀nyí bó ṣe yẹ.

165 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, níbi tí ikùn rẹ̀ ti yọ jù lẹ́yìn tí a bá fún un ní afẹ́fẹ́. Kì í ṣe ojú táyà tó ń kan ilẹ̀ ni wọ́n wọ̀n o. Ojú táyà máa ń kéré sí ìyẹn. R túmọ̀ sí radial, ìyẹn bí wọ́n ṣe to òwú inú táyà; a máa dé ibẹ̀. 14 ni ìwọ̀n rímù láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní íǹṣì. Bẹ́ẹ̀ ni, mìlímítà níhìn-ín, íǹṣì lọ́hùn-ún, lára táyà kan ṣoṣo. Ẹ má bi mí pé kí ló dé.

Ti 65 ńkọ́? Ó ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe ga tó tí a bá fi wé fífẹ̀ rẹ̀. 185/65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ náà jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ rẹ̀. Táyà radial àtijọ́ tí wọn ò kọ nǹkan kan sí i, ìdá 80 tàbí 82 ni tirẹ̀. Nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe rí, kò sẹ́ni tó rí ìdí láti kọ ọ́. Mo máa ń fi 80 ṣírò, kì í já mi kulẹ̀.

Bí ọkọ̀ yín bá tún dàgbà ju ìyẹn lọ, ẹ lè bá irú èyí pàdé: 5.20-10, bíi ti ọkọ̀ Mini tó jáde lọ́dún 1959, tàbí 5.60-15, bíi ti ọkọ̀ Beetle. Íǹṣì ni nọ́ńbà méjèèjì níbẹ̀, fífẹ̀ àti rímù. Crossply nìyẹn, táyà tí òwú inú rẹ̀ gbabùú kọjá ara wọn bí òwú agbọ̀n. Ti radial, òwú rẹ̀ gba tààrà láti etí kan sí etí kejì. Michelin ló gba ìwé àṣẹ irú rẹ̀ lọ́dún 1946. Ẹ̀gbẹ́ radial rọ̀, ó máa ń yọ ikùn díẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ẹni tí crossply ti mọ́ lára máa rò pé kò ní afẹ́fẹ́ tó. Táyà àwọn ará Amẹ́ríkà kan sì ní lẹ́tà ní iwájú, bíi F70-14. F yẹn ò sọ fífẹ̀, ẹrù tí táyà lè gbé ló ń sọ.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni táyà TRX ti Michelin. Mìlímítà ni wọ́n fi wọn rímù rẹ̀, bíi 390. Ẹ fi 25.4 pín 390, ẹ máa rí íǹṣì 15 àti díẹ̀. Kì í ṣe 15, kì í ṣe 16. Bí onítáyà bá ní òun lè fi ipá ti táyà íǹṣì wọ̀ ọ́, ẹ gba rímù yín, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ó yá, ìṣirò. Ẹ mú bírò.

Ohun tí à ń wá ni gíga táyà láti ilẹ̀ dé òkè orí rẹ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ fi ṣètò mítà eré, jíà àti ààyè inú mọ́dígáàdì nìyẹn. Táyà 165 R 14 mi: ìdá 80 nínú 165 jẹ́ 132. Ẹ̀gbẹ́ táyà wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, nítorí náà ìlọ́po méjì, 264. Rímù íǹṣì 14 lọ́nà 25.4 jẹ́ 355.6. Àròpọ̀ wọn, 619.6. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 620 mìlímítà.

Ẹ wá wo ẹwà tí mo rà. Ìdá 50 nínú 205 jẹ́ 102.5, ìlọ́po méjì 205. Rímù íǹṣì 15 jẹ́ 381. Àròpọ̀, 586. Táyà mi fi nǹkan bíi mìlímítà 34 kúrú sí ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà wálẹ̀ ní 17. Kò tán síbẹ̀. Táyà tó kúrú máa ń yí lemọ́lemọ́ ju èyí tó ga lọ lójú ọ̀nà kan náà. Tí mítà eré bá ní kìlómítà 100 ni mò ń sá láàárín wákàtí kan, eré gangan tí mò ń sá kò tó 95. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo ju bó ṣe yẹ lọ, mítà tó ń ka ìrìn ń fi irọ́ kún ọjọ́ orí ọkọ̀. Mo ti rò pé kábúrétọ̀ ló ní ìṣòro. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi tú u palẹ̀ lórí ohun tí táyà fà.

Èwo ni kí n ti rà? Ẹ gbé 185/65 R 15 yẹ̀ wò. Ìdá 65 nínú 185 jẹ́ 120.25, ìlọ́po méjì 240.5. Ẹ fi 381 kún un. 621.5. Ìyàtọ̀ òun àti ti ilé iṣẹ́ kò tó mìlímítà 2! Rímù ti tóbi sí i ní íǹṣì kan, ẹ̀gbẹ́ táyà ti fà sẹ́yìn díẹ̀ láti fún un láàyè, gíga kò yí padà. 195/60 R 15 náà kò burú, 615 ni. Ní tèmi, tí ìyàtọ̀ bá ti ju ìdá 3 nínú 100 lọ, mi ò dé ibẹ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní, táyà tó fẹ̀ dáa ju tóóró lọ, ó ń di ilẹ̀ mú. Ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe ọkọ̀ òde òní. Táyà tóóró ni àwọn tó ṣe é fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe sọ́kì àti sípíríǹgì rẹ̀, púpọ̀ wọn ni sítíárìn wọn kò ní agbára kankan tó ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ gbé 205 sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú láti páàkì sí ààyè híhá. Apá á sọ fún yín.

Gíga ti bára mu. Ó ku rímù fúnra rẹ̀.

Ẹ yí rímù dojú délẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n tẹ nǹkan bíi 5½J × 15 sí. 5½ ni fífẹ̀ inú rímù ní íǹṣì. J ni bí etí rẹ̀ ṣe rí. Táyà kọ̀ọ̀kan ló ní fífẹ̀ rímù tó gbà: 185/65 R 15 gba láti 5 dé 6½, 195/60 R 15 gba láti 5½ dé 7. Bí táyà bá fẹ̀ jù fún rímù, ikùn rẹ̀ á yọ bíi fèrè rọ́bà tí ọmọdé fẹ́, ọkọ̀ á máa mì tẹ́ ẹ bá yà. Bí ó bá tóóró jù, etí rímù á yọ síta, òun ni á sì kọ́kọ́ gbá kọ́nkéré ẹ̀gbẹ́ títì.

Offset ló tẹ̀ lé e, lẹ́tà ET ló sábà máa ń wà níwájú nọ́ńbà rẹ̀ lára rímù. Ó ń sọ bí ojú tí rímù fi lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, ibi tí wọ́n ti ń fi bóòtì so ó mọ́ ọkọ̀, ṣe jìnnà tó sí àárín gbùngbùn fífẹ̀ rímù. Ẹ kàn fi èyí sọ́wọ́: tí nọ́ńbà ET bá fi 10 dín, táyà á yọ síta ní mìlímítà 10. Tó bá fi 10 lé, á wọlé ní 10, á lọ máa wá sọ́kì lọ. Tẹ́ ẹ bá sì kúrò lórí rímù íǹṣì 5 lọ sí 6 tí ET kò yí padà, mìlímítà 12.7 ló máa fẹ̀ sí i nínú, 12.7 lóde. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, títí kẹ́ ẹ tó rọra wo ààyè tó wà láàárín táyà àti ẹsẹ̀ sítíárìn. Nígbà míì, ìka kan kò gba ibẹ̀.

Ihò bóòtì ńkọ́? Ti Mini jẹ́ mẹ́rin lórí òbìrípo tó fẹ̀ ní mìlímítà 101.6. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ míì jẹ́ mẹ́rin lórí 100. Mìlímítà kan àti díẹ̀ péré ni ìyàtọ̀ wọn, ìdí nìyẹn tó fi léwu: rímù yẹn á fẹ́ wọlé. Ẹ fi sípánà dè é dáadáa, á dà bíi pé ó ti jókòó, àṣé wíwọ́ ni nọ́ọ̀tì ń fa bóòtì. Ẹ wo ẹnu nọ́ọ̀tì náà. Àwọn kan ṣóńṣó, àwọn kan rí roboto, ihò rímù sì gbọ́dọ̀ rí bíi tiwọn.

Fún rímù onísípóòkù, túùbù ni kẹ́ ẹ lò, àyàfi tí ẹni tó ṣe rímù bá sọ pé ó gba táyà láìsí túùbù. Afẹ́fẹ́ máa ń gba ojú sípóòkù jáde, orí sípóòkù sì lè gún túùbù bí kò bá sí rọ́bà tó bò ó nínú rímù.

Nísinsìnyí, ẹ máà so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹyọ kan níwájú, ẹyọ kan lẹ́yìn. Èmi máa ń mú amọ̀ rírọ̀, irú èyí tí ọmọ ilé ìwé fi ń mọ ère, mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú etí mọ́dígáàdì ní ìdì ìdì, bí ọmọ ayò. Mo lẹ ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ sọ́kì pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà mo ní kí àgbàlagbà mẹ́rin jókòó sínú ọkọ̀, mo yí sítíárìn láti òpin kan dé òpin kejì, mo rọra wa ọkọ̀ gun ibi tó ga díẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan. Ẹ wo amọ̀ yìí. Táyà ti tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ ti pẹlẹbẹ, àmì eyín táyà wà lórí rẹ̀. Bí amọ̀ tó kù láàárín táyà àti irin kò bá ju fífẹ̀ ìka lọ, mi ò ní gbé ọkọ̀ náà jáde.

Kẹ́ ẹ tó sanwó táyà, ẹ ka ìyókù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 84S: 84 ni ẹrù, kìlógíráàmù 500 fún táyà kan; S ni eré, kìlómítà 180 láàárín wákàtí kan. H jẹ́ 210. Ẹ má ra èyí tó kéré sí ti ilé iṣẹ́. Ẹ tún wá nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ìlà tó fi lẹ́tà DOT bẹ̀rẹ̀; ìgbà tí wọ́n ṣe táyà náà ló ń sọ. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n ti ṣe táyà yẹn kó tó di ọdún 2000. Ọkọ̀ àtijọ́ kì í rìn púpọ̀, ojú táyà rẹ̀ lè jinlẹ̀ bíi tuntun, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó ti sán. Ẹ má sì po radial àti crossply pọ̀. Èyí tó burú jù ni kí radial wà níwájú kí crossply wà lẹ́yìn: ìdí ọkọ̀ á fẹ́ ṣáájú orí lójú kọ̀rọ̀.

Ó ku afẹ́fẹ́. Iye tó wà nínú ìwé ọkọ̀ yín, táyà tó bá a jáde ni wọ́n kọ ọ́ fún, bóyá crossply pàápàá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣe báyìí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà nípọn kọjá ojú táyà, láti etí dé etí. Ẹ wakọ̀ ní tààrà lórí ilẹ̀ gbígbẹ díẹ̀, kẹ́ ẹ bọ́ sílẹ̀ wò ó. Bí àárín nìkan bá parẹ́, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bí etí méjèèjì bá parẹ́ tí àárín ṣì funfun, ó kéré. Ti ọkọ̀ mi rèé, lórí 185/65 àti rímù 5½: ìlà náà ti parẹ́ dọ́gba, gáàjì 28 ló wà níbẹ̀. Ẹ má mú 28 mi lọ sílé o. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì.