Bí Ẹ̀rọ Bá Ṣìṣe, Ta Ni Yóò Jẹ́jọ́ Rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí gbogbo yín. Wọ́n ní kí n wá sọ ohun tó ń mú kí iléeṣẹ́ àti aráàlú gba ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní AI, tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka iṣẹ́ olùwádìí Fred Davis ti ọdún 1989 mọ ìdáhùn àtijọ́: bí ohun èlò bá wúlò, tí kò sì nira láti lò, ènìyàn á gbà á. N kò bá Davis jà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà, bí o bá tẹ lẹ́tà A, A ni yóò hàn. AI kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bi í ní ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mejì, ó lè sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó sì hùmọ̀ irọ́ lẹ́ẹ̀kejì, bó ṣe máa dá a lójú nínú òótọ́ náà ni yóò ṣe dá a lójú nínú irọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn níbi gbogbo tí wọ́n bá pè mí sí: bó bá ṣìṣe, ta ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀?

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ yìí kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Bí ẹnìkan bá lọ́ra, wọ́n á ní ojú rẹ̀ kò là, ẹ̀rù ìlọsíwájú ló ń bà á. Irọ́ ni. ChatGPT, ẹ̀rọ AI tí ènìyàn ń bá sọ̀rọ̀ tó sì ń fèsì, jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Láàárín nǹkan bí oṣù méjì, wọ́n ti fojú bù ú pé àwọn tó ń lò ó tó 100 mílíọ̀nù. Ta ló wá ń bẹ̀rù níbẹ̀? Ọ̀fẹ́ ni, kò gba ẹ̀kọ́ kankan, bó bá sì ṣìṣe, kò sóhun tó bàjẹ́. Ẹni tó ní kó bá òun kọ ewì ọjọ́ìbí lè rẹ́rìn-ín, kó pa á rẹ́. Kí ẹni yẹn kan náà wá dé ìdí iṣẹ́, kó jókòó ti ìwé tí òun fúnra rẹ̀ máa buwọ́ lù. Á kà á lẹ́ẹ̀kan, á tún un kà, á tún padà lọ wo nọ́ńbà tó wà ní ìlà kẹta. Ẹ̀rọ kò yí padà. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ ìwé ló yí padà.

Ẹ rántí ẹjọ́ Air Canada, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Kánádà. Oníbàárà kan tí ìyá rẹ̀ àgbà kú bi ẹ̀rọ tó ń dáhùn lórí ìkànnì wọn nípa ẹ̀dínwó fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ̀rọ ní kó ra tíkẹ́ẹ̀tì ná, kó wá béèrè ẹ̀dínwó rẹ̀ láàárín 90 ọjọ́. Irọ́ ni ẹ̀rọ pa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́, ohun tí iléeṣẹ́ náà ń sọ kò yàtọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ lọ dáhùn fúnra rẹ̀. Ẹ rán ọmọ níṣẹ́, ọmọ ṣi iṣẹ́ jẹ́, ẹ wá ní ẹ ò mọ̀ ọ́n? Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n sanwó.

Ìwádìí pàápàá jẹ́rìí sí ohun tí mò ń sọ. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Dietvorst, Simmons àti Massey, fi ẹ̀rọ kan tó ń sọ bí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe ṣe dáadáa sí han àwọn ènìyàn. Ó ń mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Síbẹ̀, àwọn tó fojú ara wọn rí i pé ó ṣìṣe kò fẹ́ fi owó tiwọn lé e mọ́. Ní 2018, àwọn mẹ́ta náà ní kí àwọn ènìyàn máa tún èsì rẹ̀ ṣe díẹ̀. Díẹ̀ yẹn péré, wọ́n gbà á. Ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ ní sí i.

Ibí tí mo bá ọ̀rọ̀ mi dé lọ́jọ́ náà ni arábìnrin kan ti nawọ́ láti ẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iléeṣẹ́ ló ń pinnu. Níbi iṣẹ́ wa, ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Gbogbo wa la sì ń lò ó lórí fóònù wa." Gbọ̀ngàn hó.

Ìbéèrè rẹ̀ ló dára jù lọ́jọ́ náà, mo sì pa ìwé mi dé láti dá a lóhùn. Ní ọdún 2023, Samsung fòfin de irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ ti kó kóòdù àṣírí ètò kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ sínú ChatGPT. Ó yé mi ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó fòfin dè é, tó sì tún fẹ́ kí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta parí lọ́jọ́ kan, ẹ̀bi ló gbé lé orí òṣìṣẹ́ kékeré. Bó bá dára, iléeṣẹ́ ló jèrè. Bó bá bàjẹ́, wọ́n á ní o rú òfin.

Wọ́n ti ń na aago sí mi, nítorí náà mo sáré ìyókù. Òfin AI ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Òfin tó ṣe kedere máa ń fọkàn iléeṣẹ́ balẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ tí iléeṣẹ́ fún AI bá dàrú, AI náà á dàrú. Nígbà tí iná mànàmáná dé, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kàn gbé mọ́tò síbi tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ wà. Ìgbà tí wọ́n tún gbogbo iṣẹ́ tò ni èrè gidi tó yọjú. Bẹ́ẹ̀ náà ni AI.

Mo ní kí arábìnrin náà béèrè ní ìpàdé wọn: ta ni yóò ka ohun tí AI kọ kó tó jáde, ta ni yóò sì buwọ́ lù ú? Ó ní òun ti béèrè, wọ́n ní ẹni tó bá lò ó ni.

Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n kọ ìyẹn sínú ìwé, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì buwọ́ lù ú.