Kẹ̀kẹ́ Lójú Ọ̀nà Yangí Èkìtì: Afẹ́fẹ́ Táyà, Ọ̀gọ̀dọ̀ àti Ẹrẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ kẹ̀kẹ́.

Bí a bá dárúkọ Èkìtì, òkè ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí èèyàn lọ́kàn. Òótọ́ ni. Àmọ́ láàárín òkè kan sí èkejì, ilẹ̀ títẹ́ wà: àkùrọ̀, oko kòkó, igbó ọ̀pẹ, àti ọ̀nà oko tí wọ́n fi yangí pupa tẹ́. Ìsédò bíi ti Ìkùn-Èkìtì àti ti Ìtapájì ń bẹ níbẹ̀, ká má tíì sọ ti ọ̀gọ̀dọ̀ tí òjò ń dá sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún irú ọ̀nà báyìí ni wọ́n ń pè ní gravel bike. Ó jọ kẹ̀kẹ́ eré ìje, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ bí ìwo àgbò, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ fẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, kó má dààmú. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ onítáyà 26 tó wà lọ́jà yóò ṣe é, bí afẹ́fẹ́ inú táyà rẹ̀ bá ti tọ́. Afẹ́fẹ́ yìí gan-an ni ká fara balẹ̀ wò.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín. Ẹ óò rí 700x40 tàbí 26x2.1. Nọ́ńbà kejì ni fífẹ̀ rẹ̀: 40 yẹn jẹ́ mìlímítà, 2.1 jẹ́ íǹṣì, ìyẹn bíi mìlímítà 53. Lójú ọ̀nà yangí, ẹ má lo ohun tó kéré sí 38. Ẹni tó bá wọn kílò 70, tó ń lo táyà 40 tó ní túùbù nínú, kó fi psi 33 bẹ̀rẹ̀ níwájú, 36 lẹ́yìn (psi ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà). Bó bá jẹ́ táyà 2.1, psi 26 níwájú àti 29 lẹ́yìn ti tó. Ẹ̀yìn ń gbà jù nítorí ibẹ̀ ni ìwúwo ara wa pọ̀ sí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ táyà títí yóò fi le gbagidi, wọ́n rò pé kò ní tètè jò. Táyà líle kì í gbá ilẹ̀ mú. Ńṣe ló ń fò lórí òkúta wẹ́wẹ́, bí ẹ bá sì fẹ́ yà, yóò yọ̀ lábẹ́ yín. Bó bá wá rọ̀ jù, òkúta yóò tẹ túùbù mọ́ rímù, yóò sì lu ihò méjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ èkejì. Bí ẹ bá tú túùbù tí ẹ bá ihò méjì báyẹn, ẹ má wá ẹ̀gún kiri. Afẹ́fẹ́ ló kéré.

Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà lẹ ti fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹ dúró tì í. Táyà mọ́tò ló mọ́ ọn lára, túùbù kẹ̀kẹ́ sì kéré. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ti tó láti bẹ́ ẹ. Kó máa fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, kó sì máa wọ̀n ọ́n. Bí ẹnu túùbù yín bá jẹ́ èyí tẹ́ẹ́rẹ́, rọ́bà tí fọ́kanáísà fi ń fẹ́ táyà kò ní bá a mu. Irin kékeré aláwọ̀ idẹ kan wà tí a ń dè mọ́ ọn lórí kó lè bá ti mọ́tò mu. Ẹ rà á méjì, nítorí ó máa ń sọnù.

Ẹ̀gún ọ̀pẹ wá ni ọ̀tá túùbù lọ́nà wa. Ìdí imọ̀ ọ̀pẹ ní ẹ̀gún líle, bí wọ́n bá sì ti gé e dà sí ojú ọ̀nà, ẹ̀gún á ṣẹ́ sínú táyà láìyọ orí síta. Ẹ wo bí a ṣe ń wá a: ẹ mú òwú tàbí àkísà, ẹ fi pa inú táyà yíká. Ibi tó bá ti há ni ẹ̀gún wà. Ẹ má fi ọmọ ìka lásán ṣe é. Ẹni tó bá pààrọ̀ túùbù láì yọ ẹ̀gún yìí, kò ní rìn jìnnà kó tó tún jò.

Láti lẹ túùbù, ẹ fẹ́ ẹ díẹ̀, kí ẹ rì í sínú ọ̀gọ̀dọ̀. Ibi tí omi bá ti ń hó ni ihò wà. Ẹ nù ún gbẹ. Ẹ fi sanpépà ha á títí dídán rẹ̀ yóò fi lọ, kí ibi tí ẹ ha fẹ̀ ju pátìṣì lọ. Ẹ fi sọlúṣọ̀n pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ wá dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdúró yìí ni àwọn èèyàn kì í lè ṣe. Bí sọlúṣọ̀n bá ṣì tutù, pátìṣì yóò ṣí. Ìgbà tí kò bá dán mọ́ ni kí ẹ tẹ pátìṣì mọ́ ọn pinpin.

Ó di ojú ọ̀nà. Bí ẹ bá bá ọ̀gọ̀dọ̀ pàdé, ẹ wo ipa táyà ọ̀kadà. Bí wọ́n bá ti gba inú omi kọjá, ìsàlẹ̀ le nìyẹn. Bí gbogbo wọn bá yí ọ̀gọ̀dọ̀ náà po, ẹ̀yin náà ẹ yí i po. Omi tó bá ga tó ibi tí pẹ́dà ti ń yí, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́: omi ń fọ gíríìsì kúrò nínú bẹ́ríìnì, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa ké.

Ẹrẹ̀ àkùrọ̀ burú ju omi lọ. Ó ń lẹ̀ mọ́ táyà, ó ń kún àárín táyà àti férémù, títí àgbá kẹ̀kẹ́ kò fi ní lè yí mọ́. Ẹ má fi agbára tẹ pẹ́dà nígbà náà! Ṣéènì yóò fa apá jíà, ìyẹn irin ẹ̀yìn tó ń sún ṣéènì láti jíà kan sí èkejì, wọ àárín sípóòkù, irin kékeré tó so ó mọ́ férémù yóò sì ṣẹ́. Irin yìí yàtọ̀ láti kẹ̀kẹ́ kan sí èkejì, ẹ kò sì lè retí láti rí i lọ́jà ìlú kékeré. Ẹ mú ọ̀kan dání. Bí ẹrẹ̀ bá ti ń pọ̀, ẹ sọ̀, ẹ fi igi ha á kúrò.

Lábẹ́ kòkó, ewé gbígbẹ bo gbòǹgbò mọ́lẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ń tutù fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ lo bíréékì kí ẹ tó dé kọ́nà, ẹ má lò ó nínú rẹ̀. Níbi iyanrìn, ẹ yí sí jíà tó fúyẹ́ ṣáájú, ẹ máa wà á lọ, ẹ má di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú jù. Níbi tí ọ̀nà bá ti rí bíi páànù ìbolé, ẹ dìde díẹ̀ lórí ìjókòó, kí ẹ tẹ ìgúnpá.

Ìgbà tó dùn jù ni ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá: òjò ti ń lọ, ilẹ̀ ti le, eruku ọyẹ́ kò sì tíì dé. Ẹ gbé omi tó lítà kan ààbọ̀ fún wákàtí méjì. Ẹ má dá nìkan lọ, ẹ bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn ará abúlé kí ẹ tó wọ igbó, kí ẹ sì ti padà kí oòrùn tó wọ̀. Bí ẹ bá bá àgbẹ̀ lóko, ẹ rọra, ẹ kí wọn: “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Àwọn ló mọ afárá tó ti já.

Bí ẹ bá délé, ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ mọ́tò. Omi líle yẹn ń wọ bẹ́ríìnì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó. Ẹ nu ṣéènì gbẹ, kí ẹ kán òróró rẹ̀ sí orí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan péré, kí ẹ wá nu èyí tó kù níta kúrò. Ẹ má lo ẹ́ńjìnì ọ́ìlì; eruku pupa yóò dàpọ̀ mọ́ ọn, yóò sì máa lọ ṣéènì bíi sanpépà.