Ta Ni À Ń Kọ Ìwádìí Wàrà Fún?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Gáà Fúlàní kan lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Ìyá kan jókòó ti ìkòkò wàrà lórí iná tí kò le. Ó gún ewé bọmubọmu, ó pò ó mọ́ wàrà díẹ̀, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó wá da omi rẹ̀ sínú ìkòkò. Ó rò ó wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Nígbà tó ṣe, wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í dì, omi rẹ̀ sì ń yà sọ́tọ̀. Ó wá koná mọ́ ọn títí ó fi hó, ó sì ń bù ú sínú agbọ̀n kéékèèké kó lè ro. Wàràkàsì dé nìyẹn. Ó wojú mi, ó ní: “Ọ̀gá tíṣà, ewé mélòó gan-an ló tó gálọ́ọ̀nù kan? Ó máa ń korò nígbà mìíràn, àwọn oníbàárà á sì dá a padà fún mi.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó wá.” Ẹ̀mí mi balẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo délé, mo ṣí íntánẹ́ẹ̀tì. Àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ tí mo rí, wọ́n ní kí n san owó tó lé ní ọgbọ̀n dọ́là kí n tó kà á. Ìkejì wà ní èdè Faransé. Ìkẹta ló dùn mí jù. Ẹni tí ọ́fíìsì tiwa jọ fi ògiri kan pààlà ló kọ ọ́. Ó ti gbé e jáde nínú jọ́nà (ìwé ìwádìí àwọn onímọ̀) òkè òkun tí ilé ìkàwé wa kò lágbára láti sanwó fún, n kò sì mọ̀ rárá. Mo dìde, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì tẹ ẹ̀dà kan fún mi láti inú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Iṣẹ́ tí a fi ewé ìdí ilé wa ṣe, tí a fi wàrà màlúù wa ṣe, ó ti ré òkun kọjá, kò sì lè ré ògiri kọjá.

Ohun tó gbé mi dé iwájú yín lónìí nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ tẹ ìwádìí jáde, ẹ mọ ibi tó ń lọ àti ẹni tó máa rí i kà.

Ìmọ̀ wàrà kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Ní ọdún 1890, Stephen Babcock ti Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà yanjú wàhálà ńlá kan. (Kì í ṣe Babcock tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì Ìlíṣàn-Rẹ́mọ o, míṣọ́nnárì ni ìyẹn.) Bí wàrà bá ṣe wúwo tó ni àwọn àgbẹ̀ fi ń gbowó lọ́wọ́ àwọn oníléeṣẹ́ wàràkàsì nígbà náà. Ẹni tó bu omi sí tirẹ̀ tàbí tó ti kó ọ̀rá orí rẹ̀ kúrò ń gba iye kan náà pẹ̀lú olóòótọ́. Babcock wọn wàrà mìlílítà 17.5 sínú ìgò ọlọ́rùn tín-ínrín, ó bu ásíìdì líle tó ìwọ̀n kan náà sí i, ó fi ẹ̀rọ fì í yí po, ó sì da omi gbígbóná lé e. Ásíìdì yóò ti tú gbogbo ohun tó kù, ọ̀rá nìkan ni yóò léfòó wá sí ọrùn ìgò níbi tí wọ́n fàlà sí. Àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ lè fojú ka iye ọ̀rá tó wà níbẹ̀.

Babcock kò gba ìwé àṣẹ oníhun (páténtì, tí ì bá fi máa gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá lò ó) lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ńlá wà níbẹ̀. Inú ìwé pẹlẹbẹ tí ibùdó ìwádìí àgbẹ̀ Wisconsin ń tẹ̀ ló gbé gbogbo rẹ̀ sí, pẹ̀lú ìwọ̀n ìgò àti bí a ṣe ń ṣe é. Kò pẹ́ tó fi kárí Amẹ́ríkà, tó sì kọjá sókè òkun. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an. Ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ lẹ́nu iṣẹ́ ló ní lọ́kàn nígbà tó ń kọ̀wé.

Lẹ́yìn náà ni àwọn jọ́nà gbòde. Wọ́n dá ẹgbẹ́ American Dairy Science Association sílẹ̀ ní 1906, Journal of Dairy Science tí í ṣe tiwọn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1917. Láti 2022 ni gbogbo àpilẹ̀kọ tuntun inú rẹ̀ ti di kíkà fún gbogbo ayé láìsan kọ́bọ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n owó tí òǹkàwé kò san mọ́, òǹkọ̀wé ló ń san án. Nínú àwọn jọ́nà ńlá báyìí, ó máa ń lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là fún àpilẹ̀kọ kan. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó ju owó oṣù olùkọ́ yunifásítì wa lọ fíìfíì. A ti lè kà báyìí, àmọ́ àtikọ ti di tolówó. Ọ̀pọ̀ atẹ̀wéjáde ló ní ètò ìdínkù owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń ṣe é fún. Ẹ béèrè kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́.

Owó nìkan kọ́ ló ń yà wá. Ẹ rántí àpilẹ̀kọ Faransé yẹn. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, wàgàṣì ni wọ́n ń pe wàràkàsì yìí. Àwọn obìnrin Fúlàní ibẹ̀ náà ń fi bọmubọmu dì í, wọ́n sì ń fi èèpo ọkà bàbà pa á láró pupa. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Abomey-Calavi ti ṣe iṣẹ́ gidi lórí rẹ̀. Kétu wà lọ́hùn-ún, Ìmẹ̀kọ wà níhìn-ín, ọ̀nà kò jìn. Wàrà kan náà, ewé kan náà, síbẹ̀ àwa ń kọ tiwa ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ń kọ ọ̀pọ̀ tiwọn ní Faransé, a kì í sì í ka iṣẹ́ ara wa. A óò tún wá lo owó lórí ohun tí aládùúgbò wa ti parí.

Kí ni ẹ lè ṣe? AJOL (African Journals Online) wà, ojú òpó orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Gúúsù Áfíríkà báyìí. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà wà. Ẹ kọ́kọ́ wá ibẹ̀. Ẹ ka àdéhùn atẹ̀wéjáde kí ẹ tó bu ọwọ́ lù ú, nítorí ọ̀pọ̀ wọn gbà kí ẹ fi ẹ̀dà tí olótùú ti fọwọ́ sí pamọ́ sí ojú òpó yunifásítì yín, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Ẹni tó bá sì ń ṣèlérí pé ọjọ́ mẹ́ta lòun yóò fi gbé e jáde bí ẹ bá ti sanwó, ẹ sá fún un. Kò sí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò níbẹ̀.

Mo padà sí gáà. Mo ka ìwọ̀n ewé tó wà nínú àpilẹ̀kọ fún Ìyá: gíráàmù báyìí sí lítà báyìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na ọwọ́ wọn sí mi: “Ẹ̀kúnwọ́ mélòó nìyẹn?” Ìdánilójú kò sí lẹ́nu mi. A jọ wá òṣùwọ̀n, a wọn ẹ̀kúnwọ́ wọn níṣojú ara wa lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọmọ wọn sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti sáà yìí lọ, akẹ́kọ̀ọ́ tí mo bá ń tọ́ sọ́nà yóò gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù, ní Yorùbá tàbí ní èdè Fúlàní, tí yóò ṣàlàyé ohun tó rí, tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí n tó bu ọwọ́ lu iṣẹ́ rẹ̀. Ti ẹni àkọ́kọ́ ti wọlé. Ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀ ni, lórí bí a ṣe ń fọ igbá kí a tó fún wàrà sí i.