Iná VVT tó ń padà tan lára Corolla: bí a ṣe ń wá ibi tó ti wá ká tó ra OCV míì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó ọkọ̀. Corolla 2007 ló wà níwájú wa yìí, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, èyí tó ní VVT-i, ìyẹn ètò tó ń fi ọ́ìlì yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà. Iná "check engine" rẹ̀ ń tan. Wọ́n á pa á, á tún tan. Tó bá ń gun òkè, kò lágbára, bẹ́ẹ̀ ló sì ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ti pààrọ̀ OCV rẹ̀, ìyẹn fáàfù tó ń darí ọ́ìlì lọ sí VVT, níbòmíràn, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, iná ò kú. Ẹni tó ni ín ti ń wá ẹni tó máa rà á. Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi ná. Kámẹ́rà á máa tẹ̀ lé mi bí mo ṣe ń ṣe é, kí ẹ lè rí gbogbo ẹ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀. Mo ti ki scanner bọ ojú ihò rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi ẹsẹ̀ dírẹ́bà. Ẹ wò ó: kóòdù P0012. Ohun tí brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ń sọ ni pé òun pàṣẹ kí kámúṣáàfù tó ń ṣí fáàfù afẹ́fẹ́ ṣáájú, kò ṣáájú, ó ń pẹ́. Tó bá jẹ́ P0011 ni, á jẹ́ pé ó ṣáájú tán, kò padà sẹ́yìn mọ́. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ̀n lórí sílò, ìyẹn tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ láìtẹná, á máa kú lójú gosíló. P0016 ní tirẹ̀ ń sọ pé kíráńkì àti kámúṣáàfù ò bá ara wọn mu mọ́, ìyẹn sì ń na ọwọ́ sí ṣéènì tó so wọ́n pọ̀. Àwọn Toyota kan tó dàgbà ju èyí lọ máa ń kó ọ̀rọ̀ VVT pọ̀ sábẹ́ P1349.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìkankan nínú kóòdù yìí tó sọ pé "OCV ti bàjẹ́". Brain box ò lójú tó fi ń wo OCV. Ó pàṣẹ, ó wo sẹ́nsọ̀, kò rí àyípadà, ó tan iná. Ibi tí owó ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá lọ nìyẹn: wọ́n ka kóòdù, wọ́n gba ọjà lọ.

Kí ẹ tó pa kóòdù náà rẹ́, ẹ ṣí ibi tí scanner kọ "freeze frame" sí. Ó máa fi hàn yín bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó àti bó ṣe ń sáré tó lásìkò tí iná tàn. Ẹ fi fóònù yà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ orí bátìrì láti fi pa iná, torí gbogbo ẹ̀rí yẹn ló máa bá a lọ.

Bí VVT-i yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Gíà tó wà lórí kámúṣáàfù yẹn ní yàrá nínú. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń wọ inú yàrá yẹn tó ń tì í síwájú tàbí sẹ́yìn. OCV dà bí ẹnu ẹ̀rọ omi: brain box ń fi iná mànàmáná ṣí i, ó ń fi pa á. Ẹ lè ra ẹnu ẹ̀rọ tuntun mẹ́wàá, bí omi ò bá dé inú páìpù, ẹ ò ní í pọn nǹkan kan. Nítorí náà, ọ́ìlì ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ́ńjìnnì ti kú, ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Mo fa géèjì yọ, mo nù ún, mo tún ki í bọ̀ ọ́, mo fà á yọ padà. Kò lọ sílẹ̀, àmọ́ ẹ wo bó ṣe ki. Sún mọ́ ibí pẹ̀lú iná yẹn, kí wọ́n rí i. Ẹ wo abẹ́ ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí: ohun dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn yìí, ọ́ìlì tó ti pẹ́ jù tó sì ti jóná ló di èyí. Ẹni tó ni ín sọ fún mi pé 20W-50 ni wọ́n máa ń dà sí i. 5W-30 ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yìí fún. Ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà dé ibi VVT tín-ín-rín, ọ́ìlì tó ki kì í tètè débẹ̀. Lítà 3.7 ló ń gbà tí a bá pààrọ̀ fílítà mọ́ ọn, ẹ má kàn ṣí gálọ̀nù lítà mẹ́rin kí ẹ da gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀.

Mi ò ní í yí ọ́ìlì yìí padà báyìí o. Tí mo bá yí i kí n tó dán nǹkan wò, tí iná wá kú fún ọ̀sẹ̀ kan tó tún tàn, mi ò ní mọ ohun tí mo tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká jẹ́ kó gbóná. Omi rẹ̀ ti kọjá 80°C lórí scanner. Mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń wo ìwọ̀n VVT àti àṣẹ tí brain box ń fi ránṣẹ́ sí OCV. Lórí sílò, ìwọ̀n VVT wà ní òdo tàbí kó sún mọ́ ọn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Wá tẹná díẹ̀, gbé e dé 2500 RPM, mú un síbẹ̀. Ẹ wo àṣẹ OCV, ó ń gòkè. Ẹ wá wo ìwọ̀n VVT. Òdo. Brain box ń pariwo, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ẹ ti rí i pé brain box ń ṣe tirẹ̀.

Àyẹ̀wò tó kàn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Kò gba owó, ó sì máa ń pín ọ̀rọ̀ sí méjì gbọ́ọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lórí sílò, ó gbóná. Mo yọ sókẹ́ẹ̀tì OCV. Mo gba iná tààrà láti orí bátìrì pẹ̀lú wáyà méjì, mo fi fíúsì sáàárín èyí tó wá láti orí pọ́sítíìfù. Ẹ má jẹ́ kí orí wáyà méjèèjì kanra, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kan bẹ́líìtì tó ń yí níbẹ̀ yẹn. Mo kàn án mọ́ ẹnu OCV fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré.

Bí ọ̀nà ọ́ìlì bá mọ́, tí gíà sì ń ṣiṣẹ́, kámúṣáàfù á ṣáájú tán lórí sílò níbi tí kò ti yẹ kó ṣáájú, ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n rìrì tàbí kó kú. Kó kú yẹn ni ayọ̀ wa. Á jẹ́ pé OCV, fílítà kékeré tí ọ́ìlì VVT ń gbà kọjá àti gíà ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wá kọjú sí wáyà, sókẹ́ẹ̀tì, ṣéènì, kó tó kan brain box. Ẹ wo inú sókẹ́ẹ̀tì dáadáa, ọ́ìlì máa ń jò wọ ibẹ̀. Ẹ fi mítà wọn wáyà méjèèjì láti sókẹ́ẹ̀tì dé brain box.

Bí ẹ́ńjìnnì ò bá mira rárá, ọ̀rọ̀ wà lọ́nà ọ́ìlì, tàbí lára OCV fúnra rẹ̀, tàbí nínú gíà.

Ẹ gbọ́. Ó dún "ká". Ṣé ẹ gbọ́ ọ? OCV gbé ara rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wá ńkọ́? Ó ń lọ jẹ́ẹ́, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọ́ìlì ò dé ibi tó ń lọ nìyẹn. Kóòdù P0010 lè yọjú torí pé a yọ sókẹ́ẹ̀tì, kó má bà yín lẹ́rù, a máa pa á rẹ́ tó bá yá.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kó tutù. OCV wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, níhà ibi tí ṣéènì wà. Bóòtù kan ṣoṣo ló dì í mú, sípánà 10 ló ń tú u. Ẹ rọra yí i jáde, ẹ má fi irin gbé e. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n: 7.3 ohm. Láàárín 6.9 sí 7.9 ló yẹ kó wà tí kò bá gbóná. Mo tún fún un ní iná níta, ẹ wo inú ihò rẹ̀ bí irin inú ẹ̀ ṣe ń sáré lọ tó ń sáré bọ̀. Kò há níbì kankan. OCV yìí dára, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ pàápàá.

Ẹ̀yin tó bá máa ra OCV, ì báà jẹ́ ní Araromi Gate n'Ìbàdàn níbí tàbí ní Ládipọ̀ l'Ékòó, ẹ mú mítà dání. Ẹ wọ̀n ọ́n níwájú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó. Páálí tó ń dán kì í ṣe ẹ̀rí. Belgium tó wọn ire tí irin inú ẹ̀ sì ń sáré dára ju tuntun tó há lọ.

A dé ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé. Lára orí ẹ́ńjìnnì, tí kò jìnnà sí ibi tí a ti yọ OCV, bóòtù ńlá kan wà tí kò di nǹkan kan mú lójú. Ẹ tú u. Ẹ gbé nǹkan sábẹ́ ẹ̀, ọ́ìlì á kán sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fílítà OCV wà, àwọ̀n kékeré báyìí, kò tó orí ìka. Gbogbo ọ́ìlì tó bá máa lọ sí VVT, inú àwọ̀n yìí ló ń gbà kọjá.

Ẹ wò ó. Ẹ wo nǹkan! Ṣé ẹ ń rí ojú àwọ̀n níbẹ̀? Ó ti dí pátápátá. Mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ò kọjá. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí nìyí, òun ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ra OCV léraléra.

Mo fi brake cleaner fọ̀ ọ́, mo jẹ́ kó rẹ, mo tún fọ̀ ọ́, mo fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ láti inú síta. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin há a, àwọ̀n yìí ò le. Bó bá ti ya, ẹ ra òmíràn. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní ọ́ìlì á túbọ̀ rí àyè kọjá. Inú máa ń bí mi tí mo bá bá a bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ oníbàárà. Ìdọ̀tí tí àwọ̀n yẹn ì bá mú, inú OCV ló ń lọ, ibẹ̀ ló ti máa há, tó bá wá há síbi tó ṣí sílẹ̀, P0011 ló kàn. Ẹ fi wáṣà tuntun sí bóòtù rẹ̀ tí ẹ bá ń dá a padà.

Bí fílítà bá mọ́ ńkọ́, tí OCV náà sì dára? Ẹ fi géèjì wọn agbára ọ́ìlì; ní 3000 RPM, láàárín 43 sí 78 psi ló yẹ kó wà. Tó bá pé, ẹ ṣí ìdérí fáàfù. Ẹ yí kíráńkì títí ihò ara púlì á fi bá àmì òdo mu lára ìdérí ṣéènì, kí ẹ wo àmì orí gíà kámúṣáàfù méjèèjì. Ó yẹ kí wọ́n kọjú síra lórí ìlà kan. Bí wọn ò bá kọjú síra, ẹ yí kíráńkì yípo lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tún wò ó. Bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ṣéènì ti fà tàbí ó ti fò. Ọkọ̀ tó bá ń ró kẹkẹkẹ fún ìgbà díẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí i, ẹ fura sí gíà VVT, torí pínnì tó ń tì í mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú lè ti jẹ.

Ní tiwa, mo da ọ́ìlì àtijọ́ yẹn nù. Ẹlòmíì á ní ká da kẹrosíìnì sí i ká fi ṣan inú ẹ́ńjìnnì. Mi ò gbà pẹ̀lú ìyẹn rárá. Á ṣí ìdọ̀tí gàgàrà nídìí lẹ́ẹ̀kan náà, fílítà kékeré yẹn àti àwọ̀n ẹnu pọ́m̀pù ọ́ìlì ni gbogbo ẹ̀ máa lọ dí. 5W-30 ni mo dà sí i, pẹ̀lú fílítà ọ́ìlì tuntun. Tí ẹ ò bá rí i rà, 10W-30 ló sún mọ́ ọn.

Ó ti gbóná padà. Iná tààrà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wò ó... ó gbọ̀n, ó kú! Ọ́ìlì ti débẹ̀.

Mo ti dá sókẹ́ẹ̀tì padà, mo ti pa àwọn kóòdù rẹ́, a ti wà lójú ọ̀nà báyìí. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń wa ọkọ̀, èmi ni mo di scanner mú, torí ẹ ò gbọdọ̀ máa wakọ̀ kí ẹ tún máa wo scanner. A ń gun òkè Mọ́kọ́lá. Ìwọ̀n VVT ti kúrò ní òdo, ó ti kọjá 20 dígírì. Ó sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́ mi ṣe gbé ẹsẹ̀, ó padà sí òdo bí a ṣe dúró. Ó ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìdọ̀tí tó kù nínú ẹ́ńjìnnì yìí ò tíì tán o, ọ́ìlì tuntun á máa fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ti sọ fún ẹni tó ni ín pé kó má jẹ́ kí ọ́ìlì yìí pẹ́ tó bó ṣe máa ń pẹ́. Kó mú un padà wá ní 2000 kìlómítà, ká yí i, ká tún tú bóòtù ńlá yẹn, ká wo ohun tí àwọ̀n ti mú.