Kámẹ́rà kékeré fún ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀: ẹ dé fìlà lọ sọ́jà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ yìí, sún mọ́ mi, kí wọ́n lè rí ọwọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí lójoojúmọ́ pé, "Bọ̀ọ̀dá, kámẹ́rà tó ń ṣọ́ ilé wo ni kí n rà, owó ọwọ́ mi ò pọ̀," ó dé o. Ẹ má bi mí ní iye. Iye tí mo bá dá lónìí lè ti yí padà kí ẹ tó dé ọjà. Bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò tí ọlọ́jà ò fi ní rẹ́ yín jẹ ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Mẹ́ta ló wà lórí tábìlì mi. Èyí tó rí bí ẹyin yìí, Wi-Fi ló ń lò, iná ṣájà fóònù, 5V, ló sì ń jẹ. Èyí tó gbé sólà sórí, sím 4G ló ń gbà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń fi sójú gílóòbù. Òun ni mo kórìíra jù, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n sinmi. Yíyí ni wọ́n sábà máa ń yí i wọlé, bẹ́ẹ̀ èyí tó ń há ló pọ̀ nílé wa. Àti pé, ta ló ń pa iná nílé yín lálẹ́? Mo fi ọ̀kan sí ẹ̀yìnkùlé màmá mi nígbà kan. Tó bá ti di aago mẹ́sàn-án, màmá á ní kí iná má jó dànù, wọ́n á pa á. Gbogbo òru ni kámẹ́rà ń sùn. Olè nìkan ló lajú sílẹ̀.

Ó yá, ká lọ sọ́jà. Ọjà Ọba lẹ lọ o, Òkèṣà lẹ lọ o, ẹ dé fìlà. Ẹ ní kí ọlọ́jà tan kámẹ́rà náà, kí ẹ̀yin ṣí hotspot fóònù yín, ẹ fi í sí 2.4GHz, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà. Tó bá wà lórí 5GHz, púpọ̀ nínú àwọn kékeré yìí ò ní rí i, ọlọ́jà á wá ní fóònù yín ló bàjẹ́. Bí àwòrán bá ti jáde, ẹ ṣí fìlà, ẹ fi bò ó mọ́lẹ̀ báyìí. Ẹ tẹ́tí. *Kẹ́!* Ẹ gbọ́ ọ? Gíláàsì kékeré kan ló sún kúrò níwájú ojú rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, kó lè fi iná infrared ríran. Àwòrán á di dúdú òun funfun. Ẹ wá fi kámẹ́rà iwájú fóònù yín, èyí tí ẹ fi ń ya ara yín, yọjú sábẹ́ fìlà: àwọn iná kéékèèké á máa tàn bí èsè àlùkò, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn. Bí kò bá dún, tí iná ò tàn, tí àwòrán kàn ṣókùnkùn biribiri, ẹ kí ọlọ́jà, ẹ dé fìlà yín, ẹ máa lọ. Ẹ̀yin ìyá wa, gèlè náà ń ṣe é. Èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ọgbọ́n yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ń pè é ní tirẹ̀, ẹ bi í ibi tó ti rí i.

Páálí ńkọ́? Ẹ má dá páálí lóhùn! Wọ́n á kọ 4K, àmì àwòrán tó mọ́ gan-an, gàdàgbà síta, ohun tó wà nínú rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. 1080p tó jẹ́ ojúlówó, ìyẹn àwòrán tó ní ẹyọ tóótòòtó 1920 ní ìbú, 1080 ní òòró, tó fún ẹnu ọ̀nà. Ẹ ní kí ọmọ ọlọ́jà dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kí ẹ wò ó lórí fóònù bóyá ẹ dá ojú rẹ̀ mọ̀.

Ẹnìkan bèèrè bóyá dandan ni dátà. Rárá. Púpọ̀ nínú wọn, tí ẹ bá ti tò ó tán, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú mẹ́mọ́rì fúnra rẹ̀. Dátà ni ẹ fi ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, ẹ má fi gbogbo owó ra kámẹ́rà kí ẹ wá lọ ra mẹ́mọ́rì jákujàku. Ẹ bá mi ṣírò: tó bá ń kọ 1Mbps, ìyẹn mẹ́gábíìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 10.8GB ló ń jẹ lóòjọ́. 32GB ò pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi kún, 128GB á tó bí ọjọ́ mọ́kànlá, lẹ́yìn náà ni á máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Èyí tí wọ́n kọ High Endurance sí lára, tó lè fara da kíkọ léraléra, ni kí ẹ rà. Ayédèrú sì pọ̀: 128GB lára, 8GB nínú. Ẹ fi H2testw, ètò kan tó ń wádìí bí mẹ́mọ́rì ṣe tóbi tó lóòótọ́, yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà.

Iná. Páwà báǹkì 20,000mAh tí kì í ṣe irọ́ lè gbé ẹlẹ́yin yìí tó ogún wákàtí. Ìyá tó ń sin adìyẹ n'Íkéré, tí kò sí iná lóko wọn, onísólà yẹn ni tiyín. Ẹ kọjú rẹ̀ sí gúúsù, kí ẹ máa nu eruku rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n oorun ló ń sùn o. Ìgbà tí èèyàn bá kọjá níwájú rẹ̀ ló ń jí, ẹni tó bá yára lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tán.

Kíkàn án mọ́ ògiri, ẹ ti mọ èyí. Kó má ga jù, bíi mítà méjì àbọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fìlà olè nìkan lẹ máa rí. Ẹ má gbé e sẹ́yìn gíláàsì fèrèsé. Lálẹ́, iná rẹ̀ á ta padà sí i lójú. Ẹ máa gbá aláǹtakùn kúrò.

Ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá padà lọ́jọ́ tí ẹ rà á gan-an. Ní 2016, Mirai, ètò burúkú kan tó ń jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gba ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà lọ́wọ́ àwọn tí kò yí tiwọn padà, ó sì fi wọ́n kọlu íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ yìí, oníbàárà ti dé, ó kù díẹ̀. Aago! Ẹ tún aago rẹ̀ ṣe. Òmíràn, tí iná bá lọ tí kò sì rí íntánẹ́ẹ̀tì, á padà sí 1970. Wọ́n gbé ewúrẹ́ oníbàárà mi kan, fídíò hàn kedere, ojú olè hàn kedere. A gbé e lọ bá baálẹ̀. Baálẹ̀ wo ojú olè, wọ́n wo ọdún tó wà lórí fídíò, wọ́n ní, "Wọn ò tíì bí bàbá ọmọ yìí nígbà náà."