Iná Kì Í Pa Kẹ́míkà Inú Omi

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká dán nǹkan kékeré kan wò. Ẹ bu omi sínú ìkòkò, ẹ da ṣíbí iyọ̀ kan sí i, ẹ rò ó títí iyọ̀ á fi yòrò. Ó mọ́ gaara, àbí? Ẹ wá gbé e ka iná, kó hó títí yóò fi fà dé ìdajì. Ẹ tọ́ ọ wò. Iyọ̀ rẹ̀ ti le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Omi ló bá ooru lọ, iyọ̀ ò kúrò níbẹ̀.

Bí òjé, arsenic tó jẹ́ májèlé, àti nitrate tó wà nínú ajílẹ̀ ṣe ń ṣe nínú omi nìyẹn. Ẹni tó ń se omi nítorí onígbáméjì kò ṣàṣìṣe, iná ń pa kòkòrò àrùn. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà ò ní ẹ̀mí tí iná máa gbà.

Ojú Bangladesh, orílẹ̀-èdè kan ní Éṣíà, rí i. Láti bí ọdún 1970 síwájú, wọ́n gbẹ́ àìmọye kànga ẹ̀rọ níbẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè bọ́ lọ́wọ́ omi odò àti adágún tó ń kó ìgbẹ́ gbuuru bá ọmọdé. Èrò rere ni. Omi tó ń jáde mọ́, ó tutù, kò rùn. Àfi ìgbà tó di 1993 tí àṣírí tú pé arsenic wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kankan ò dà á síbẹ̀ o. Inú ilẹ̀ ló ti wá. Ó ń mú kí ara yọ àmì dúdú dúdú, kí àtẹ́lẹwọ́ yi, bí ọdún sì ti ń gorí ọdún, jẹjẹrẹ awọ, ti ẹ̀dọ̀fóró tàbí ti àpò ìtọ̀ lè tẹ̀lé e. Máíkírógírámù 10 (ẹyọ kan rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìdá gírámù kan) nínú lítà kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má kọjá. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn kànga náà wò, wọ́n kun èyí tó léwu ní ọ̀dà pupa, wọ́n kun èyí tó dára ní àwọ̀ ewé. Ohun tí ahọ́n ò lè tọ́ mọ̀, ọ̀dà ló wá ń sọ ọ́.

Ti Minamata ní ilẹ̀ Japan, ọwọ́ ènìyàn ló fà á. Láti 1932 títí di 1968 ni ilé iṣẹ́ Chisso fi ń da ìdọ̀tí tó ní mercury, irin olóró kan, sínú òkun. Àwọn ológbò ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, wọ́n ń yí bírí bí ẹni ń jó. Ní oṣù Karùn-ún 1956 ni ìjọba gba ìròyìn àrùn náà lára ènìyàn: ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú ò ríran dáadáa, ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu. Ti àwọn aboyún ló dùn mí jù. Mercury yìí gba inú olóbi kọjá, ó lọ ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Ìyá lè dà bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, kí ọmọ rẹ̀ má lè dá jókòó. Wọn ò kúkú bu omi òkun mu. Ẹja ni wọ́n jẹ. Ohun tín-ín-tìn-ín inú omi gbé mercury mì, ẹja wẹ́wẹ́ jẹ ìyẹn, ẹja ńlá jẹ ẹja wẹ́wẹ́, ó sì ń pọ̀ sí i títí ó fi dé inú àwo oúnjẹ.

Ti ajílẹ̀ ò gba àlàyé púpọ̀. Òjò á gbá a lọ sódò, ewéko omi á rí oúnjẹ, á bo ojú omi. Bó bá kú tó ń jẹrà, ìjẹrà náà á fa ọ́síjìn inú omi tán, òkú ẹja á sì léfòó. Nitrate inú ajílẹ̀ yìí náà ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ìkókó gbé ọ́síjìn bó ṣe yẹ, tí ètè rẹ̀ fi ń dà bí aró. Ìyá tó bá sì se irú omi bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí kó tó fi po mílíìkì ọmọ, ṣe ló sọ nitrate rẹ̀ di líle sí i.

Ẹnì kan bi mí pé kí ló wá kù ká ṣe. Mo ní kó gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kó sì dárúkọ ohun tó ń wá: òjé ńkọ́? Arsenic ńkọ́? Nitrate ńkọ́? Bí wọ́n bá ní “omi yín mọ́,” kó ní òun ò tíì gbọ́, iye rẹ̀ nínú lítà kan lòun ń bèèrè.