Oṣù Tí Ọmọ Mi Kò Ju Bọ́ọ̀lù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ọmọ Kétu tó wà nílé àti ẹ̀yin tí a jọ wà lókè òkun. Ní ìsinmi tó kọjá, mo mú ọmọ mi, ọmọ ọdún 12, wálé láti Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kó wá ju bọ́ọ̀lù béísíbọ́ọ̀lù, eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù kí ẹlòmíràn fi igi gbá a, fún àwọn wò, mo sì kọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kà á sí ìgbéraga.

Ìyá mi ló béèrè ọ̀rọ̀ gidi. Ó ń fi òrí pa ìgúnpá ọmọ náà, ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọmọ náà ní kò dun òun. Ó wá kọjú sí mi: “Nígbà tí kò dùn ún, kí ló dé tí o ò jẹ́ kó ṣeré?”

Mo ṣàlàyé fún wọn pé nínú ìgúnpá ọmọdé, ibi tí eegun ti ń dàgbà kò tíì gbó, kò sì lágbára tó iṣan tó so mọ́ ọn. Bí ọmọ bá ń fi gbogbo agbára ju bọ́ọ̀lù láìsinmi, iṣan yóò máa fa ibẹ̀ títí yóò fi wú, tàbí tí eegun yóò fi ya. Rírẹ̀ máa ń ṣíwájú ìrora. Ìlànà Pitch Smart, tí MLB (líìgì àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ béísíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà) àti àjọ USA Baseball gbé jáde ní 2014 láti dáàbò bo apá àwọn ọmọdé, kò fẹ́ kí ọmọ ọdún 11 sí 12 ju bọ́ọ̀lù kọjá ìgbà 85 lóòjọ́; bó bá ti pé 66, ọjọ́ mẹ́rin ni yóò fi sinmi. Wọ́n tún ní kó fi jíjù sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin lọ́dún, kí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn tẹ̀ léra; inú oṣù ìsinmi yìí ló wà nígbà tí a wálé.

Kò kúkú jókòó lásán. Ẹsẹ̀, ìbàdí àti ikùn ni agbára ìjubọ́ọ̀lù ti ń wá kó tó dé apá, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń gbá nítòsí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, láràárọ̀ sì ṣe é lóore ju ohun tí mo ń sanwó fún lọ́hùn-ún.

Àwọn òbí kan ń sọ pé iṣẹ́ abẹ ìgúnpá tí dókítà Frank Jobe kọ́kọ́ ṣe fún Tommy John, ajubọ́ọ̀lù béísíbọ́ọ̀lù, ní 1974 máa ń mú kí apá le ju ti tẹ́lẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀: wọ́n ń gé iṣan láti ibòmíràn fi rọ́pò èyí tó já ni, àtúnṣe náà sì máa ń gbà ju ọdún kan lọ.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni ọmọ tó ń ṣeré fún ẹgbẹ́ méjì, tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ń ka tirẹ̀ nìkan. Nítorí náà, mo ń kọ iye tí ọmọ mi jù sínú ìwé, mo sì ń fi han àwọn olùkọ́ méjèèjì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń fajú ro.